Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ṣiṣẹ́ fúnra yín: báwo lọjọ́ yín ṣe ń lọ, ibo lẹ sì ń jókòó sí ládùúgbò?

Òǹkọ̀wé_Ìpolówó kọ:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Mo ti fi iṣẹ́ oṣù sílẹ̀, ọ̀rọ̀ ìpolówó ni mò ń kọ fáwọn iléeṣẹ́ báyìí. Iṣẹ́ ń wọlé, ọpẹ́ ni. Ọjọ́ gan-an ni mi ò rí dì mú. Nígbà tí mo wà lọ́fíìsì, ọ̀gá ló ń sọ ìgbà tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, títì ilẹ̀kùn ló sì ń sọ ìgbà tó parí. Ní báyìí, mo lè wà nídìí kọ̀ǹpútà láti àárọ̀ dalẹ́ kí n má rí nǹkan kan tọ́ka sí pé èyí ni mo ṣe.

Ilé sú mi. Mo gbé láptọ́ọ̀pù lọ sílé kọfí tó wà lópin àdúgbò, ariwo lé mi jáde. Mo gba ilé ìkàwé lọ, oníbàárà pè mí lórí fóònù, gbogbo ojú yí sí mi.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti pẹ́ lẹ́nu ẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, báwo lẹ ṣe ń pín ọjọ́ yín? Ibo lẹ fẹ́ràn láti jókòó sí, kí lẹ sì ń ṣe níbẹ̀? Ohun tẹ́ ẹ̀ ń ṣe lójoojúmọ́ ni mo fẹ́ gbọ́ o, kì í ṣe ohun tó yẹ kéèyàn máa ṣe.

---

Atúmọ̀Ọ̀rọ̀ kọ:

Àbúrò mi, káàbọ̀. Ìtumọ̀ ni iṣẹ́ tèmi, ìwé àdéhùn àti ìwé ilé ẹjọ́ ló sì pọ̀ jù níbẹ̀. Bí mo ṣe ka ọ̀rọ̀ rẹ, kò sí èyí tó burú nínú ibi tó o lọ. Iṣẹ́ tó o gbé lọ síbẹ̀ ni kò bá ibẹ̀ mu. O gbé ìwé kíkọ lọ síbi tó yẹ kéèyàn ti máa dáhùn íméèlì, o tún gbé fóònù lọ síbi tó yẹ kéèyàn ti máa kàwé.

Àárọ̀ kùtù, ilé ni mò ń wà. Tábìlì mi kọjú sí ògiri, fóònù wà ní yàrá kejì. Àkọ́sílẹ̀ àkọ́kọ́ ni mo máa ń ṣe nígbà yẹn, mi ò sì ń ṣí ìwé atúmọ̀ èdè rárá. Ọ̀rọ̀ tí mi ò bá dá lójú, mo fàmì sí i, mo kọjá. Ẹni tó bá dúró yẹ gbogbo ọ̀rọ̀ wò lójú ẹsẹ̀ ò ní kúrò lójú ewé àkọ́kọ́.

Tó bá di ọ̀sán, mo gbé àwọn àmì yẹn lọ sí ilé ìkàwé. Kì í ṣe torí pé ibẹ̀ dákẹ́ nìkan. Àwọn ìwé atúmọ̀ ọ̀rọ̀ òfin ńláńlá tí èèyàn ò lè rí lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì wà lórí pẹpẹ níbẹ̀, mo sì ń jókòó sí tábìlì tó sún mọ́ wọn jù. Àwọn èèyàn máa ń sáré gba tábìlì ojú fèrèsé. Mo fi sílẹ̀ fún wọn, torí ẹni tó ń kọjá lójú títì ni wọ́n máa ń wò títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Kí n tó padà sílé, mo máa ń ya ọgbà ìgbafẹ́, mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan tó wà lẹ́yìn gbogbo ẹ̀, mo wá ka ohun tí mo túmọ̀ jáde sókè. Àṣìṣe tí ojú fò, etí á gbé e. Mo máa ń tẹ̀ ẹ́ sórí bébà ni o, ẹ má gbé láptọ́ọ̀pù lọ síbẹ̀. Iná ojú kọ̀ǹpútà ò lè bá oòrùn díje, èèyàn á kàn máa wo ojú ara rẹ̀ nínú dígí ni.

---

Bàbá_Olóòtú kọ:

Ẹ̀yin ọmọ òní, ẹ̀ ń rìn ju bẹ́ ẹ ṣe ń ṣiṣẹ́ lọ.

Olóòtú ìwé ni mí. Àga kan ni mo ní, inú ilé mi ló wà, orí rẹ̀ ni gbogbo iṣẹ́ mi ti ń jáde. Aago ló ń ṣe ọ̀gá mi. Ọmọ ilẹ̀ Ítálì kan, Francesco Cirillo, ló dá ọgbọ́n kan sílẹ̀ ní ìparí àwọn ọdún 1980 nígbà tó wà nílé ẹ̀kọ́ gíga: ó fi aago ilé ìdáná tó rí bíi tòmátì ka ìṣẹ́jú 25, ó ṣiṣẹ́, ó sinmi ìṣẹ́jú 5, ó tún bẹ̀rẹ̀. Ìyẹn náà ni wọ́n ń pè ní Pomodoro, ìyẹn tòmátì lédè Ítálì. Mi ò lò ó bó ṣe wà gẹ́lẹ́, torí ìṣẹ́jú 25 máa ń já mi láàárín orí ìwé. Ibi tí orí ìwé bá ti pín sí ni mo ti ń sinmi.

Ojú ewé tí mo bá ṣe ni mo fi ń mọ̀ pé mo ṣiṣẹ́. Láàárín àwa olóòtú, ọ̀rọ̀ 250 là ń kà sí ojú ewé kan, ohun yòówù kí oníwèé fi kọ ọ́. Ọmọ wa tó béèrè, kọ iye ọ̀rọ̀ tó o bá kọ lóòjọ́ sílẹ̀ nírọ̀lẹ́. O ò ní sọ mọ́ pé o ò rí nǹkan tọ́ka sí.

---

Etí_Ọjà kọ:

Bàbá ti sọ ojú abẹ níkòó 😂 Èmi tí mo ń kọ èyí látorí bẹ́ǹṣì, ẹ má rí mi o.

---

Ìyá_Àwòrán kọ:

Bàbá, ẹ kú ọgbọ́n, ṣùgbọ́n ẹ wí fún mi: ta ló ń pariwo nínú ilé yín? Ẹni tó bá ní ọmọ méjì tí kò tíì tó iléèwé lọ ò lè sọ pé àga kan tó òun. Aago á dún, ọmọ á ké, aago á tún dún.

Iṣẹ́ ayàwòrán lèmi ń ṣe: àmì iléeṣẹ́, páálí ọjà, ẹ̀yìn ìwé. Wákàtí tí ẹnìkan bá lè bá mi mú àwọn ọmọ lọ́wọ́ ni ọjọ́ iṣẹ́ mi, ìyókù wà lẹ́yìn tí wọ́n bá ti sùn. Torí náà mi ò lè máa wá ibi tó dáa. Ibi tí mo bá dé, mo gbọ́dọ̀ ti mọ ohun tí mo bá lọ síbẹ̀.

Ibi tí mo fẹ́ràn jù ládùúgbò, ó lè pa yín lẹ́rìn-ín. Ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé kékeré kan ni, kò ju kí èèyàn mẹ́ta dúró kó kún lọ. Àwọ̀ tí kọ̀ǹpútà ń fi hàn, ìmọ́lẹ̀ ló fi ṣe é: pupa, àwọ̀ ewé àti búlúù. Yíǹkì ni ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ń lò ní tiẹ̀, irú búlúù kan, irú pupa kan, yẹ́lò àti dúdú. Àwọn àwọ̀ kan wà lójú kọ̀ǹpútà tí yíǹkì ò lè ṣe láéláé. Àwọ̀ ewé tó ń tàn yòò lójú láptọ́ọ̀pù á jáde lórí bébà bí ewé tó ti ń rọ. Tí oníbàárà bá kọ́kọ́ rí i lórí ẹgbẹ̀rún páálí, wàhálà dé nìyẹn.

Mo máa ń ní kí wọ́n tẹ ẹyọ kan, màá wá mú un jáde síta. Iná inú ṣọ́ọ̀bù máa ń parọ́. Àwọ̀ méjì lè jọra lábẹ́ gílóòbù, kí wọ́n yàtọ̀ pátápátá tí oòrùn bá kàn wọ́n. Ojú títì gan-an ni mo dúró sí tí mò ń yí bébà síhìn-ín sọ́hùn-ún, àwọn tó ń kọjá á máa wò mí bí ẹni tó ń yẹ owó wò bóyá ayédèrú ni. Ọkùnrin tó ni ṣọ́ọ̀bù ti mọ̀ mí, kì í tilẹ̀ béèrè mọ́.

Ọjọ́ tí mo bá lọ síbẹ̀, mi ò ní ṣe iṣẹ́ mìíràn tó tóbi. Ìyẹn ti tó.

---

Kóòdù_Òru kọ:

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Kóòdù lèmi ń kọ. Àwọn oníbàárà mi wà ní Amẹ́ríkà àti ní Yúróòpù, aago wọn ni mo fi ń gbé. Ọ̀sán ni àárọ̀ tèmi.

Ẹnikẹ́ni tó bá ní oníbàárà lápá ibẹ̀ yẹn, ẹ ṣọ́ra fún oṣù kẹta ọdún o. Amẹ́ríkà máa ń sún aago síwájú ní Sunday kejì nínú March, Yúróòpù ò ní sún tiwọn títí di Sunday tó gbẹ̀yìn nínú oṣù náà. Ní àkókò tó wà láàárín yẹn, wákàtí 4 ló máa ń wà láàárín New York àti London, dípò 5. Wọ́n á tún yàtọ̀ bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan nígbà tí wọ́n bá ń dá aago padà, torí Yúróòpù ń dá tiwọn padà ní Sunday tó gbẹ̀yìn nínú October, Amẹ́ríkà sì ń ṣe tiwọn ní Sunday àkọ́kọ́ nínú November. Ẹni tó ń gbé níbi tí wọn kì í ti í yí aago padà, tí wọ́n bá ti sún aago síwájú lọ́hùn-ún, ìpàdé tó mọ̀ sí aago 3 ọ̀sán á ṣàdédé di aago 2. Aago UTC, ìyẹn aago àjùmọ̀lò àgbáyé tí kì í yí padà, ni mo fi ń kọ gbogbo ìpàdé sílẹ̀, mo sì jẹ́ kí kàlẹ́ńdà máa yí i fúnra rẹ̀.

Ní ti ibi ìjókòó: Upwork, ojú òpó tí oníbàárà ti ń wá àwa tá à ń ṣiṣẹ́ fúnra wa, ni mo ti ń rí iṣẹ́ tó pọ̀ jù. Tó bá jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n ń san owó rẹ̀ ní wákàtí-wákàtí, ẹ̀rọ wọn máa ń ya fọ́tò ojú kọ̀ǹpútà mi lẹ́ẹ̀kan láàárín ìṣẹ́jú 10 kọ̀ọ̀kan. Tí mo bá wá dákẹ́ tí mò ń ronú, fọ́tò yẹn ò mọ̀ pé mò ń ronú. Nítorí náà, mo máa ń ṣe ìrònú kí n tó tan ẹ̀rọ náà: mo fẹsẹ̀ rìn yí àdúgbò ká, láti ilé dé ibi tí ọkọ̀ ojú irin ń gbà kọjá, pẹ̀lú bébà kékeré lápò. Ibẹ̀ ni ìṣòro tó le máa ń tú. Ìgbà tí mo bá fi jókòó, títẹ̀ ló kù.

---

Òǹkọ̀wé_Ìpolówó kọ:

Ẹ ṣé gan-an o. Ìyá_Àwòrán, mà, mi ò tíì ronú rí pé ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé lè jẹ́ ibi iṣẹ́.

Ìbéèrè méjì. Báwo lèèyàn ṣe ń pẹ́ tó nílé kọfí kí wọ́n tó máa wo èèyàn? Àti pé Wi-Fi ibẹ̀, ṣé ó ṣe é fọkàn tán? Ìwé àwọn oníbàárà ló wà lọ́wọ́ mi.

---

Kóòdù_Òru kọ:

Lórí Wi-Fi: ọ̀pọ̀ ojú òpó ló ti ń lo HTTPS báyìí, ìyẹn ọ̀nà tó ń fi ohun téèyàn kọ ránṣẹ́ pamọ́, ẹni tẹ́ ẹ jọ wà lórí Wi-Fi kan náà ò lè ka ohun tó o kọ síbẹ̀ bó ṣe wù ú. Ibi tí ewu wà ni pé ẹnìkan lè dá Wi-Fi tiẹ̀ sílẹ̀, kó fún un ní orúkọ ilé kọfí náà. Lọ bi òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ní orúkọ tó péye. Ní kí fóònù àti láptọ́ọ̀pù rẹ má máa wọlé fúnra wọn. Tan VPN, ètò tó ń fi gbogbo ohun tó ń jáde látorí ẹ̀rọ rẹ pamọ́ lójú ọ̀nà. Tó bá jẹ́ báńkì lo fẹ́ wọ̀, dátà fóònù rẹ ni kó o lò.

Ẹni tó jókòó sẹ́yìn rẹ ló tiẹ̀ yẹ kó o bẹ̀rù ju gbogbo ìyẹn lọ. Tó o bá ti fọwọ́ sí ìwé pé o ò ní tú àṣírí oníbàárà, ògiri ni kó wà lẹ́yìn rẹ.

Fún ìpàdé orí fídíò, iyára tí Wi-Fi fi ń gbé nǹkan jáde ni kó o wò, kì í ṣe èyí tó fi ń gbà wọlé. Lórí Zoom, ohùn nìkan ò gbà ju bíi 60 sí 80 kbps (òṣùwọ̀n iyára íntánẹ́ẹ̀tì), fídíò ẹni méjì tó mọ́ dáadáa ń fẹ́ tó 600. Tó bá ti ń já, pa fídíò, ohùn á lọ.

---

Ìyá_Àwòrán kọ:

Lórí ilé kọfí: lọ lákòókò tí àwọn tó ń jẹun ò pọ̀. Má jókòó sí tábìlì ẹni mẹ́rin nígbà tó o dá wà. Tó o bá ti mu tán tó o ṣì wà níbẹ̀, ra òmíràn, àbí kó o dìde. Má sì gba sọ́kẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ bíi pé ìwọ lo ra ilé náà. Èmi kì í mú ṣájà dání lọ síbẹ̀ rárá. Tí bátìrì bá ti fẹ́ tán, àkókò mi níbẹ̀ náà tán nìyẹn. Ó ń jẹ́ kí n yára.

---

Olóhùn_Kọ́bọ́ọ̀dù kọ:

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń rí ọgbà ìgbafẹ́ lọ, ẹ ṣe é jẹ́jẹ́ o. Ohùn lèmi ń tà: ìpolówó, ìwé àfetígbọ́, ẹ̀kọ́ orí kọ̀ǹpútà. Ibi tí mo fẹ́ràn jù lágbàáyé ni inú kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ mi. Aṣọ ló ń gbé ìró mì kó má baà ta padà láti ara ògiri. Èmi, máíkì, ẹ̀wù òtútù mẹ́ta. Ó parí.

ACX, níbi tí wọ́n ti ń gba ìwé àfetígbọ́ fún Audible tó ń tà á, kì í fẹ́ kí ariwo tó wà lẹ́yìn ohùn kọjá -60 dB (dB ni òṣùwọ̀n ìró; nínú ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀, òdo ló ga jù, bó bá ṣe lọ sísàlẹ̀ òdo tó ni ìró ṣe ń kéré tó). Ẹ ò mọ bí ilé ṣe ń pariwo tó títí dìgbà tí wọ́n bá fún yín ní nọ́ńbà yẹn. Fìríìjì tó ò gbọ́ rí, máíkì á gbọ́ ọ. Mo ní láti yọ ọ́ níná kí n tó bẹ̀rẹ̀, ọgbọ́n tí àwa tó ń gbohùn sílẹ̀ sì ń lò ni pé ká fi kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ sínú fìríìjì náà. O ò lè jáde nílé láìṣí i, o ò sì lè ṣí i kó o má rántí pé o ti yọ ọ́.

Bẹ́ẹ̀ ni ọjọ́ mi ṣe rí: kí àdúgbò tó jí, mo ti parí ìgbohùnsílẹ̀. Ìgbà tí ilẹ̀kùn bá ti ń gbá, tí mọ́tò bá ti ń lọ, iṣẹ́ gígé àti àtúnṣe ló kù, ìyẹn sì ṣe é gbé lọ síbi gbogbo pẹ̀lú íápíìsì.

---

Etí_Ọjà kọ:

Kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ nínú fìríìjì 😂😂 Mo ti rí ọgbọ́n tí mo wá débí.

Ẹ gbọ́, kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ ọ́fíìsì àjùmọ̀lò, èyí téèyàn ń san owó fún kó lè ní àga níbẹ̀?

---

Atúmọ̀Ọ̀rọ̀ kọ:

Mo lò ó rí. Ọ̀dọ̀ Brad Neuberg ní San Francisco lọ́dún 2005 ni wọ́n sábà máa ń ka ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ sí. Ọmọ kóòdù ni òun náà, ó fẹ́ òmìnira iṣẹ́ ara ẹni, kò sì fẹ́ dá nìkan wà. Ìdánìkanwà yẹn ni ìdí tó dáa láti lọ. Tó bá jẹ́ ìdákẹ́jẹ́ lo ń wá, ilé ìkàwé ń fún ọ lọ́fẹ̀ẹ́.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí onímọ̀ àwùjọ ará Amẹ́ríkà kan, Ray Oldenburg, sọ lọ́dún 1989: ilé ni ibi àkọ́kọ́, ibi iṣẹ́ ni ìkejì, ìkẹta sì ni ibi téèyàn ti ń pàdé ẹlòmíràn láìsí pé iṣẹ́ tàbí ẹbí ló gbé e lọ. Lọ́dọ̀ àwa, ibi àkọ́kọ́ àti ìkejì ti wọnú ara wọn. A wá gbé láptọ́ọ̀pù lọ sí ìkẹta náà, a sọ ọ́ di ọ́fíìsì. Ibo lèèyàn wá ń lọ nígbà tí kò bá ṣiṣẹ́? Èmi ní ilé kọfí kan tí mi ò gbé iṣẹ́ débẹ̀ rí, mi ò sì ní gbé e débẹ̀. Wọ́n mọ orúkọ mi níbẹ̀, wọn ò mọ iṣẹ́ mi.

---

Kóòdù_Òru kọ:

Ẹ̀gbọ́n, èyí wọ̀ mí lára.

Bàbá, mo fẹ́ kẹ́ ẹ dá sí èyí: Ravi Mehta àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì gbé ìwádìí jáde lọ́dún 2012 pé ariwo tó mọ níwọ̀n, bíi 70 dB, ń jẹ́ kéèyàn ronú kan nǹkan tuntun ju 50 dB tó dákẹ́ lọ. Tó bá tó 85, ó ti bàjẹ́. Ìyẹn ni pé ilé kọfí ń ṣiṣẹ́.

---

Bàbá_Olóòtú kọ:

Kan nǹkan tuntun. Ìwọ náà lo kọ ọ́. Olóòtú tó bá ronú kan nǹkan tuntun sínú ìwé ẹni ẹlẹ́ni, wọ́n á lé e lọ. Fún ọmọ wa tó ń kọ ìpolówó, ó lè wúlò: kó lọ wá àkọlé níbi ariwo, kó wá kà á fún àṣìṣe níbi tó dákẹ́. Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yín, ibi tí mo lè sún dé nìyẹn.

---

Ojú_Ń_Dùn_Mí kọ:

Ẹ má gbàgbé ojú o. Ní gbogbo ìṣẹ́jú 20, ẹ wo nǹkan tó jìnnà tó mítà 6 fún ìṣẹ́jú àáyá 20. Ìmọ̀ràn àwọn oníṣègùn ojú nìyẹn. Nítorí rẹ̀ nìkan ni mo ṣe ń jókòó níbi tí fèrèsé wà, ẹ̀gbọ́n Atúmọ̀, ẹ foríjì mí.

---

Òǹkọ̀wé_Ìpolówó kọ:

Mo ti ń kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀. Èyí tó kù ni ọ̀rọ̀ fóònù yìí. Ìgbàkígbà ni wọ́n ń pè mí. Tí mi ò bá gbé e, ẹ̀rù ń bà mí pé iṣẹ́ á lọ.

---

Ìyá_Àwòrán kọ:

Kò ní lọ. Sọ fún oníbàárà látìgbà tẹ́ ẹ bá ti ń ṣàdéhùn pé wákàtí báyìí sí báyìí lo ń gba ìpè. Kọ ọ́ sísàlẹ̀ íméèlì rẹ pẹ̀lú. Iléeṣẹ́ tó ń gbé iṣẹ́ fún ọ náà ní wákàtí tí wọ́n ń ṣí ilẹ̀kùn, wọn ò rí i bí ìwà àfojúdi.

---

Atúmọ̀Ọ̀rọ̀ kọ:

Kó o sì ní ibi ìpè kan. Tèmi ni ọ̀nà tó gba ẹ̀yìn ilé ìkàwé kọjá, ibi tí kò sí ìjókòó. Ìpè téèyàn bá dúró gbà kì í gùn. Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ tó ju ìyẹn lọ, mo máa ń sọ fún un pé kó kọ ọ́ ránṣẹ́, torí ó yẹ kí n ní i lákọsílẹ̀. Òótọ́ sì ni, bí ìjà owó bá dé, íméèlì ni wọ́n máa ń bi èèyàn.

---

Òǹkọ̀wé_Ìpolówó kọ:

Ẹ̀yìn ilé ìkàwé tiwa jẹ́ ibi tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ sí. Màá gbìyànjú ẹ̀ níbẹ̀. Ẹ ṣé, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Bàbá, ọ̀rọ̀ tí mo kọ lónìí lé ní 600, láì ka ti ibí yìí mọ́ ọn.

---

Bàbá_Olóòtú kọ:

Mélòó nínú ẹ̀ lo máa gé?